Ọmọ 4.8 Lórí Obìnrin Kan: Bí A Ṣe Lè Ka Èsì Ìwádìí Ìlera Ìdílé ní Nàìjíríà

Nígbà tí èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe láti òpin 2023 wọ 2024 lórí ìlera ìdílé àti ọmọ bíbí ní Nàìjíríà jáde, nọ́ńbà kan ló gba orí WhatsApp: obìnrin Nàìjíríà ń bí ọmọ 4.8. Bàbá kan nínú ẹbí wa, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, kọ ọ́ sí àárín gbogbo wa pé, "Ọmọ mẹ́rin yé mi. Èyí tó kù tí kò pé ọmọ kan ńkọ́? Ta ló bí i?" Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè gidi ni, kò sì sí ìròyìn kankan nínú èyí tí mo kà tó dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń ju nọ́ńbà sílẹ̀, kí oníkálùkù máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Bàbá lóhùn. Kò sí obìnrin kankan tó bí ọmọ 4.8. Àwọn olùwádìí ò sì kàn kó iye ọmọ gbogbo ìyá jọ kí wọ́n pín in dọ́gba. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì bímọ á fà á wálẹ̀, ìyá tó ti bí mẹ́jọ láti ogún ọdún sẹ́yìn á fà á sókè, a ò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò yìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n pín àwọn obìnrin sí ọ̀wọ́ méje nípa ọjọ́ orí: 15 sí 19, 20 sí 24, títí dé 45 sí 49. Wọ́n á wá wo ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìwádìí, ọmọ mélòó ni wọ́n ń bí lọ́dún? Ká ní nínú 1,000 obìnrin tó wà ní ọdún 20 sí 24, ọmọ 200 ni wọ́n ń bí lọ́dún. Tí a bá pín in, obìnrin kan ń bí ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ lọ́dún. Ọdún márùn-ún ló máa lò nínú ọ̀wọ́ yẹn, ìdá márùn-ún nínú márùn-ún sì ni odindi ọmọ kan. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀wọ́ méjèèje, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àròpọ̀ yẹn ló jẹ́ 4.8.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọmọbìnrin kan bá wọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lónìí, tó wá ń bímọ bí àwọn obìnrin ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ṣe ń bí i lásìkò yìí, títí tó fi pé àádọ́ta ọdún, iye ọmọ tó máa bí á tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó kúrò ní Ìbàdàn lè sọ pé bí eré tí òun ń sá yìí ò bá yẹ̀, aago méjì lòun ó dé Èkó. Kò tíì dé o. Eré tó ń sá lọ́wọ́ ló ń sọ. Eré ni 4.8 náà ń sọ, kì í ṣe ibi tí a ti dé.

Eré ọ̀hún sì ń dínkù. Ní 1990, ọmọ 6.0 ni. Ní 2003, ó di 5.7, ó dúró síbẹ̀ ní 2008, ó di 5.5 ní 2013, 5.3 ní 2018, kó tó wá di 4.8 yìí. Àwọn kan á ní, tó bá ń dínkù, kí ló dé tí èrò tún ń pọ̀ sí i? Ìdí ni pé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí nígbà tí obìnrin kan ń bí mẹ́fà ni ìyá òde òní. Wọ́n pọ̀ ju àwọn ìyá tiwọn lọ fíìfíì. Kódà bí ọmọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bí bá kéré sí iye tí ìyá rẹ̀ bí, agbo náà á ṣì máa fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nọ́ńbà kan fún gbogbo Nàìjíríà tún máa ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ní 2018, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 5.3, ti Èkó jẹ́ 3.4, ti Katsina sì jẹ́ 7.3. Obìnrin tí kò lọ ilé ìwé rárá, 6.7. Èyí tó kàwé kọjá girama, 3.4. Ẹni tó bá ń fi ọmọ 5.3 ṣàpèjúwe àdúgbò rẹ̀ ní Súrùlérè tàbí ní Katsina, ibi tí kò sí ẹni tó ń gbé ló ń ṣàpèjúwe.

Níbo wá ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá? NDHS (Nigeria Demographic and Health Survey) ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìwádìí náà. Àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, ló ń ṣe é pẹ̀lú iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ọ̀dọ̀ USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ni èyí tó pọ̀ nínú owó rẹ̀ ti ń wá, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ICF níbẹ̀ ló sì ń fi ìmọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe é ní 1990, 1999, 2003, 2008, 2013, 2018 àti 2023 sí 2024. Ohun kan tí mo fẹ́ràn láti máa rán àwọn ará wa létí ni pé ìpínlẹ̀ Òǹdó ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1986 ni, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Òǹdó. Ẹnu àwọn ìyá tó ń sọ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn fún irú ìwádìí yìí ní Nàìjíríà kó tó kan àwọn yòókù.

Ẹ má ṣe pè é ní ìkànìyàn. Ìkànìyàn ń ka gbogbo ènìyàn, ìbéèrè díẹ̀ ló sì ń bi wọ́n. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn ni ti 2006, èyí tó sọ pé a jẹ́ 140,431,790. Ìwádìí tí mò ń sọ yìí ń yan ìdílé díẹ̀, ó sì ń jókòó tì wọ́n dáadáa. Ní 2018, ìdílé 40,427 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Nínú wọn ni wọ́n ti rí obìnrin 41,821 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, àti ọkùnrin 13,311, torí ìdílé kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ti ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀.

Ibí ni àwọn ènìyàn ti máa ń yarí. Báwo ni ọ̀kẹ́ méjì ìdílé ṣe máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo Nàìjíríà? "Wọn ò dé ilé mi o." Mo ti gbọ́ ọ títí.

Ẹ wo bí ìyá tó mọ gàrí rà ṣe ń ra gàrí. Kì í wo ojú àpò nìkan, torí ó mọ̀ pé èyí tó funfun tó sì kúnná ni wọ́n ń kó sójú. Á ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìsàlẹ̀, á bu díẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á jù ú sẹ́nu. Tí ọkọ̀ bá já àádọ́ta àpò sílẹ̀, tí ti Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀ tí ti ibòmíràn náà wà níbẹ̀, á mú lára èyí, á mú lára ìyẹn. Bí ọkọ̀ bá wá já ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àpò, kò pọn dandan kó bu ún nígbà mẹ́wàá ju ti àkọ́kọ́ lọ kó tó mọ irú gàrí tó wà nílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ọwọ́ rẹ̀ dé gbogbo irú àpò tó wà nílẹ̀, kó má sì jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ló ń yan ibi tó máa ti bù ú.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ní 2018 gan-an nìyẹn. Ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, wọ́n pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìgboro àti ìgbèríko, ó di ọ̀nà 74. Nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn àdúgbò tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún ìkànìyàn 2006, wọ́n mú 1,400. Tí wọ́n bá dé àdúgbò kan, wọ́n á kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ìdílé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún ṣẹ́ kèké láti mú 30. Àdúgbò 11 wà tí wọn ò lè dé nítorí ààbò. Torí pé àdúgbò tí wọ́n mú ní ìpínlẹ̀ kékeré ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti ìpínlẹ̀ ńlá, wọ́n á fi ìwọ̀n gbé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kí ohùn Bayelsa má bàa dọ́gba pẹ̀lú ohùn Kano nígbà tí wọ́n bá ń ro ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó wù mí gan-an. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ilé tí kèké mú, tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, wọn ò gbọdọ̀ yà sí ilé kejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá, kí wọ́n tún padà wá. Ṣé ẹ rí i, ta ló máa ń wà nílé ní aago mọ́kànlá àárọ̀? Kì í ṣe ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, kì í ṣe tíṣà. Tí wọ́n bá ń fi ẹni tó wà nílé rọ́pò ẹni tó jáde, èsì ìwádìí á di èsì àwọn tó ń jókòó sílé, a ó sì máa pè é ní èsì gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ "ìdílé" fúnra rẹ̀ ń dàrú mọ́ wa lójú. Nínú èdè wa, ìdílé lè jẹ́ odindi agbo ilé, títí kan àwọn tó wà ní Jos àti London. Fún àwọn olùwádìí, ìdílé ni àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n gba ẹnì kan ní olórí, tí ètò oúnjẹ wọn jẹ́ ọ̀kan. Ọmọkùnrin yín tó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin tó ń dáná jẹ níbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ àbúrò yín tó wá kí yín tó sì sun ilé yín mọ́jú ọjọ́ ìwádìí, wọ́n á kà á. Wọn kì í sì í béèrè iye owó tó ń wọlé fún yín. Wọ́n á wo ilẹ̀ ilé bóyá sìmẹ́ǹtì ni tàbí amọ̀, wọ́n á béèrè ibi tí ẹ ti ń pọnmi, irú ilé ìyàgbẹ́ tí ẹ ní, bóyá ẹ ní rédíò, ọ̀kadà, màlúù. Ohun wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pín ìdílé sí ìpele márùn-ún láti ẹni tí kò ní dé ẹni tó rí jẹ. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olówó nínú ìwé yìí, ẹ má rò pé wọ́n rí owó rẹ̀ ní báńkì.

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, wà lára àwọn tí kèké mú ní 2018, ní ìlú kékeré kan ní Àkókó. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó tì wọ́n, àmọ́ àǹtí ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọmọbìnrin kan ló wá, ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn kó tó jókòó. Nígbà tó béèrè ọmọ, wọ́n ní, "Mẹ́rin, Ọlọ́run á bá mi dá wọn sí." A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí ẹni náà tiẹ̀ tún máa ka èyí tó ti lọ. Ọmọbìnrin náà ò kàn kọ "mẹ́rin" yẹn sílẹ̀ kó kọjá lọ. Ọkùnrin mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ yín? Obìnrin mélòó? Mélòó ló ń gbé ibòmíràn? Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀ tó béèrè pé ǹjẹ́ wọ́n ti bí ọmọ kankan rí tó ké, tàbí tó mí, tàbí tó mira, ì báà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí kò sí láyé mọ́.

Àǹtí ní àwọn dákẹ́. Wọ́n ń fi ọwọ́ ká etí ìró wọn. Wọ́n wá ní, "Ọkùnrin kan wà. Oṣù mẹ́sàn-án ló lò." Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ti dá orúkọ yẹn pè kẹ́yìn. Oṣù kẹrin 2015 ni wọ́n bí i, oṣù kìíní 2016 ló kú.

Ọmọ yẹn ló máa ràn mí lọ́wọ́ láti ṣàlàyé nọ́ńbà mẹ́ta tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú jù. Ìwádìí 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 39 ń kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, 67 ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan, 132 ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Mo ti rí ẹni tó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tó ní ọmọ 238 ló ń kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá inú igbá ni wọ́n. Àwọn 39 yẹn wà nínú 67, àwọn 67 sì wà nínú 132. Ọmọ àǹtí mi kò sí nínú 39, torí ó ti kọjá oṣù kan. Ó wà nínú 67, ó sì wà nínú 132.

Ó wà níbẹ̀ nítorí ohun mìíràn tí ìròyìn kì í sọ: nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún márùn-ún tó ṣáájú ìwádìí, kì í ṣe ọdún tí ìwé jáde. Ti 2018 ń sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí 2013, 2014, wá sí 2018. Tí gómìnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá wá ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ yangàn, tàbí tí àwọn alátakò bá ń fi bú u, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹ tún wo bó ṣe ń lọ. Ní 2003, ọmọ 201 nínú 1,000 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ní 2008, 157. Ní 2013, 128. Ní 2018, 132. Ní 2023 sí 2024, 110. Nígbà tí 128 di 132, àwọn kan pariwo pé ikú ọmọdé ti tún gbérí. Wọ́n yára jù. Ìwádìí tí a fi ìdílé díẹ̀ ṣe máa ń ní àlàfo, òótọ́ lè wà lókè nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ mẹ́rin kéré ju kí a tìtorí rẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n láti 201 wá sí 110 láàárín ogún ọdún, kò sí àlàfo tó lè gbé ìyẹn mì. Ọmọ ń yè sí i ní Nàìjíríà.

Èyí tó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ tuntun. Àwọn tí kì í pé oṣù kan: 37 ní 2013, 39 ní 2018, 41 nínú ti 2023 sí 2024. N ò ní sọ pé ó ń pọ̀ sí i, torí àlàfo kan náà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sì dínkù, nígbà tí ti àwọn ọmọ tó dàgbà ju wọ́n lọ ń dínkù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, àpò ẹ̀fọn àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà lè gba ọmọ ọdún méjì là nínú ilé ìyá rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ méjì tí oṣù rẹ̀ ò pé, tàbí tí kò rí èémí mí nígbà tí wọ́n bí i, ẹni tó mọṣẹ́ ló nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an.

Ẹ wá fi nọ́ńbà méjì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ní 2018, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó bímọ ló rí dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n lóyún. Àmọ́ ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan rò pé nọ́ńbà méjèèjì ń ta ko ara wọn. Wọn ò ta ko ara wọn o. Obìnrin lọ fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé lóru, kò sí ọkọ̀, kò sí owó, tàbí nọ́ọ̀sì ọjọ́ kìíní ti sọ̀rọ̀ sí i débi tí kò fi fẹ́ padà lọ, ó wá bí i sílé tàbí sọ́dọ̀ ìyá àbíyè. Àárín 67 àti 39 yẹn ni mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tuntun yìí ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Nínú ìwádìí tuntun, 39 ti di 43. Kò tó.

Ní ti ìpínlẹ̀, Ògùn ló ní ikú ọmọdé tó kéré jù ní 2018, 30 nínú 1,000. Kebbi ló ga jù, 252. Ọmọ kan nínú mẹ́rin! Ìyàtọ̀ tó tó báyìí, kò sí àní-àní nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ará Ògùn má wá fi 30 yẹn bá ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é figagbága. Ìdílé tí wọ́n bi ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò pọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọdún mẹ́wàá dípò márùn-ún láti ṣírò rẹ̀, àlàfo rẹ̀ náà sì fẹ̀.

Ikú ìyá ló ṣòro kà jù. Òkú kì í dáhùn ìbéèrè. Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà láyé nípa ọmọ ìyá wọn. Gbogbo ọmọ tí ìyá yín bí, ẹ kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló wà? Ta ló ti kú? Bó bá jẹ́ obìnrin, ṣé ó lóyún nígbà náà, àbí ó ń rọbí, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibí yìí gba ọgbọ́n. Tí ẹ bá kàn ní "ẹ̀gbọ́n àti àbúrò", a ó ka ọmọ ìyàwó bàbá wa mọ́ ọn, a ó ka ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, torí gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọbàkan kò sí nínú èyí tí wọ́n ń béèrè. Ọmọ ìyá kan náà, inú kan náà, ni wọ́n ń fẹ́. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó dá a mọ̀ kedere, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo olùwádìí tó bá wá sí agbègbè wa mọ̀ ọ́n lò.

Èsì rẹ̀ ní 2018: 512 ìyá nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè. Àwọn tó kọ ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé òótọ́ lè wà níbikíbi láàárín 447 àti 578. Ti 2013 jẹ́ 576, láàárín 500 àti 652. Àwọn oníròyìn ní ikú ìyá ti dínkù láti 576 sí 512. Ẹ wò ó, àlàfo méjèèjì wọnú ara wọn. Kò tún tán síbẹ̀. Ti 2013 ka gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ nínú oyún títí di oṣù méjì lẹ́yìn ìbímọ, ohun yòówù kó pa obìnrin náà. Ti 2018 dúró sí ọjọ́ méjìlélógójì, ó sì yọ ìjàm̀bá àti ìwà ipá kúrò. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà. N ò lè fi ọkàn tòótọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dínkù láàárín ọdún yẹn.

Irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lórí ibà. Wọ́n ń gún ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ní ìka, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ìwádìí 2018 kan náà sọ pé ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ní ibà, ó tún sọ pé ìdá 23 ni. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ ló sọ 36. Ohun tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ohun náà sì lè wà lára ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò. Awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú (microscope) ló sọ 23, kòkòrò fúnra rẹ̀ lòun ń wá. Méjèèjì tọ̀nà. Ìbéèrè wọn ló yàtọ̀.

Ti ìfètò sọ́mọ bíbí, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé ní 2018, ó di 15 nínú ti tuntun. Kì í ṣe pé àwọn 85 tó kù ló ń wá a tí wọn ò rí. Aláboyún wà níbẹ̀, ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì wà níbẹ̀, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá wà níbẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ lóyún fún ọdún méjì sí i, tàbí tí kò tiẹ̀ fẹ́ mọ́, tí wọn ò sì lo ohunkóhun, ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ṣaláìní. Ìdá 19 ni wọ́n ní 2018.

Ní oṣù kejì 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tú USAID palẹ̀, wọ́n dá ètò tó ń gbé ìwádìí yìí kiri ayé dúró. Ètò náà ti wà láti 1984, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́rùn-ún. Gates Foundation, àjọ àánú Bill Gates, padà dá owó sí i kí àwọn èyí tó wà lọ́wọ́ lè parí. Ti Nàìjíríà ní ire díẹ̀, wọ́n ti gba ìdáhùn tán kó tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì ka ènìyàn rẹ̀ láti 2006 gbọ́dọ̀ wá owó tirẹ̀ báyìí láti lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ìyá. N ò rí ohun tó burú nínú kí àwa fúnra wa sanwó rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí a má ṣe é rárá, kí a wá máa fi nọ́ńbà 2024 ṣe ìjọba ní 2034.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àǹtí mi, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí. Orúkọ ọmọ náà tí àwọn pè fún ọmọbìnrin yẹn, níbo ló lọ? Mo ní wọ́n ti pa á rẹ́, wọn kì í jẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni dé inú ìwé. Oṣù kẹrin 2015 ló kù, ọkùnrin, oṣù mẹ́sàn-án. Mo ní kò sí nínú 110 ti ìwádìí tuntun yìí, torí ọdún márùn-ún rẹ̀ ti kọjá, àmọ́ ó wà nínú 132.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n sáà kà á."